Àwọn Òṣìṣẹ́ Inú Ṣàkì: Bí Ẹ Ṣe Lè Bọ́ Ewúrẹ́ Yín Kó Má Rù, Kó Má sì Kú Lójijì

Ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ yìí dá lórí oúnjẹ ewúrẹ́.

Ìyá kan kọ̀wé sí wa láti ìpínlẹ̀ Benue. Ọjà títà ló gbé e débẹ̀, ó sì fi ewúrẹ́ 6 kún òwò rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, àwọn aládùúgbò rẹ̀ tí ń ṣe gàrí da èèpo ẹ̀gẹ́ tútù sẹ́yìn ilé. Àwọn ewúrẹ́ náà kò tíì jẹ nǹkan kan láti alẹ́ àná, ni wọ́n bá ya bo èèpo náà. Kó tó di ọ̀sán, 2 ti kú. Ọ̀kan nínú wọn lóyún. Ìbéèrè ìyá náà kò gùn rárá: "Ṣé wọ́n fi májèlé pa wọ́n ni?"

Mo pè é lórí fóònù, torí mo rí i pé ìbéèrè yẹn lè dá ìjà sílẹ̀ láàárín òun àti àwọn tí wọ́n jọ ń gbé. Ó ní àwọn ẹran náà ń mí gúlegúle, wọ́n ń ta gọ́gọ́ọ́gọ́, wọ́n sì ṣubú. Ohun tó ṣàlàyé yìí jọ iṣẹ́ èèpo ẹ̀gẹ́ tútù gan-an. Májèlé wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó bù ú sí i. Inú èèpo náà ló wà láti oko.

Èèpo yẹn kan náà, tí a bá tọ́jú rẹ̀ dáadáa, oúnjẹ gidi ni fún ewúrẹ́. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí ẹ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ikùn ẹran yín kí ẹ tó gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀.

1. Ta ni ẹ ń bọ́ gan-an?

Gbogbo wa la mọ ṣàkì lórí igbá alápatà. Nínú ewúrẹ́ tó wà láàyè, ṣàkì kì í ṣe àpò lásán. Àìmọye kòkòrò àìfojúrí ló ń gbé inú rẹ̀. Wọn kì í ṣe kòkòrò àrùn. Òṣìṣẹ́ ni wọ́n.

Tí ewúrẹ́ bá já koríko, kì í rún un kúnná kó tó gbé e mì. Inú ṣàkì ló ń kó o sí. Nígbà tó bá yá, á dùbúlẹ̀ síbi òjìji, á pọ̀ ọ́ padà sẹ́nu, á sì máa jẹ àpọ̀jẹ. Àwọn òṣìṣẹ́ inú ṣàkì ló ń tú koríko tó le yìí, tí ikùn èèyàn kò lè dà, di agbára fún ẹran. Nígbà tí àwọn fúnra wọn bá sì ṣàn wọ inú ìfun, ewúrẹ́ á dà wọ́n, wọ́n á di purotéènì tó ń mọ ẹran ara, tó ń mú wàrà wá, tó sì ń tọ́jú oyún.

Torí náà, nígbà tí ẹ bá ju ewé sílẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ yìí lẹ kọ́kọ́ ń bọ́. Tí ebi bá pa wọ́n, ewúrẹ́ á rù bí koríko tilẹ̀ kún iwájú rẹ̀. Tí ẹ bá yí oúnjẹ wọn padà lójijì, iṣẹ́ á dàrú mọ́ wọn lọ́wọ́, ewúrẹ́ sì lè kú lọ́jọ́ kan tàbí ọjọ́ méjì.

2. Kí ni ó yẹ kí ewúrẹ́ jẹ lójúmọ́?

Ẹ fi ìwọ̀n ara ẹran yín ṣe òṣùwọ̀n. Ewúrẹ́ kúkúrú ti ilẹ̀ wa tó ti dàgbà sábà máa ń wọ̀n tó kílò 20 sí 25. Ewúrẹ́ pupa Sókótó máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Tí a bá yọ omi inú oúnjẹ kúrò, ewúrẹ́ nílò oúnjẹ gbígbẹ tó tó kílò 3 sí 4 fún kílò 100 ìwọ̀n ara rẹ̀. Èyí túmọ̀ sí pé ewúrẹ́ kílò 20 nílò bíi gíráàmù 600 sí 800 lóòjọ́.

Ẹ má jẹ́ kí ìṣirò yìí dẹ́rù bà yín. Omi ló pọ̀ jù nínú ewé tútù, nítorí náà gíráàmù 800 yẹn máa ń di nǹkan bíi kílò 3 tí ó bá jẹ́ ewé tútù. Ẹ wo àpẹẹrẹ ohun tó tó ewúrẹ́ kílò 20 lóòjọ́:

• Koríko àti ewé tútù lóríṣiríṣi: kílò 2
• Ewé tó ní purotéènì dáadáa, bí i agúnmániyè: ìlàjì kílò
• Èèpo ẹ̀gẹ́ gbígbẹ tàbí èérí àgbàdo: gíráàmù 150 sí 200, kí ẹ pín in sí àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́
• Omi mímọ́ nígbà gbogbo. Lákòókò ẹ̀ẹ̀rùn ó lè mu lítà 1 sí 2. Èyí tó ń fún ọmọ lọ́mú nílò jù bẹ́ẹ̀ lọ.
• Òkúta iyọ̀ tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù oògùn ẹran. Ẹ so ó kọ́ síbi tí ó ti lè máa lá a, tí òjò ò sì ní pa á.

Ewé ni oúnjẹ ewúrẹ́. Èérí, èèpo àti àgbàdo, àfikún ni wọ́n. Ẹ kọ́kọ́ fún un ní ewé kí ó yó díẹ̀, lẹ́yìn náà ni kí ẹ gbé àfikún wá. Bí ìyá wa ní Benue bá ti fún àwọn ẹran rẹ̀ ní ewé láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, bóyá wọn kì bá tí fi ìwàǹwara ya bo èèpo náà.

Ẹ tún rántí pé ewúrẹ́ yàtọ̀ sí àgùntàn. Àgùntàn fẹ́ràn láti tẹrí ba jẹ koríko ilẹ̀. Ewúrẹ́ fẹ́ràn láti nàgà já ewé igi. Dípò kí ẹ da ewé sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ẹ dì í ní ìdì kí ẹ sì so ó kọ́ sókè níwọ̀n orí rẹ̀. Ewé tó bá ti kan ìtọ̀ àti ìgbẹ́, ewúrẹ́ kì í fẹ́ jẹ ẹ́ mọ́. Èyí tó bá sì jẹ ẹ́ lè kó aràn.

3. Èèpo ẹ̀gẹ́: bí a ṣe ń sọ ọ́ di oúnjẹ

Ẹ̀gẹ́ ní èròjà kan tí ó máa ń tú gáàsì olóró tí wọ́n ń pè ní sáyánáìdì sílẹ̀. Ó pọ̀ nínú èèpo àti ewé ju inú iṣu rẹ̀ lọ, ó sì pọ̀ jù nínú ẹ̀gẹ́ kíkorò. Àwọn òṣìṣẹ́ inú ṣàkì tí mo sọ̀rọ̀ wọn wà lára ohun tó ń jẹ́ kí ó tú jáde kíákíá. Ìdí nìyí tí ẹran tí ebi ń pa, tó jẹ púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, fi lè kú láàárín ìwọ̀nba ìṣẹ́jú tàbí wákàtí díẹ̀.

Sísá sóòrùn ló ń dín oró náà kù. Ẹ ṣe é báyìí:

• Ẹ gba èèpo náà lọ́jọ́ tí wọ́n bó o. Ẹ gbọn iyẹ̀pẹ̀ ara rẹ̀ dànù.
• Ẹ gé e wẹ́wẹ́. Bí ó bá ṣe kéré tó ni oró rẹ̀ ṣe ń jáde tó.
• Ẹ tẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sórí tapólì tàbí orí sìmẹ́ǹtì, kì í ṣe ní òkìtì. Ẹ máa yí i lójoojúmọ́.
• Lákòókò òòrùn, ọjọ́ 2 sí 3 máa ń tó. Tí ẹ bá ṣẹ́ ẹ, tó dún "pá," ó ti gbẹ.
• Ẹ kó o sínú àpò, kí ẹ gbé e sórí pákó. Ẹ má gbé e sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ìgbà òjò ni ìṣòro wà. Èèpo tí kò gbẹ dáadáa máa ń bu. Tí ẹ bá rí funfun, dúdú tàbí àwọ̀ ewé lára rẹ̀, tàbí tó ń rùn bí ilé tí òjò wọ̀, ẹ dà á nù. Oró inú ohun tó bu kì í jáde tí ẹ bá tún sá a. Àjọ ILRI tó ń ṣèwádìí lórí ohun ọ̀sìn ti ṣe ọ̀nà mìíràn jáde ní Ìbàdàn: wọ́n ń rin èèpo náà bí ẹni rin ẹ̀gẹ́ gàrí, wọ́n ń fún omi rẹ̀ dànù, wọ́n ń kù ú, kí wọ́n tó sá a tàbí kí wọ́n yan án. Ó máa ń gbẹ kíákíá ju èèpo odidi lọ. Nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 3 èèpo tútù ló ń di tọ́ọ̀nù 1 gbígbẹ. Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹgbẹ́ alájọṣe tàbí tí ẹ wà nítòsí ilé ìṣe gàrí lè dá a ṣe.

Ẹ má sì gbàgbé pé agbára ló wà nínú èèpo ẹ̀gẹ́. Purotéènì rẹ̀ kéré gan-an. Ewúrẹ́ tí ẹ bá fi èèpo nìkan bọ́ á yó, ṣùgbọ́n kò ní dàgbà.

Fún ẹ̀yin tí ẹ wà lókè Ọya, ẹ ṣọ́ra fún ọkà bàbà náà. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rú padà lẹ́yìn ìkórè, tàbí èyí tí ọ̀dá mú tó rọ, lè ní irú oró kan náà. Ẹ má da ẹran sínú oko bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ebi.

4. Ìyípadà oúnjẹ: ọjọ́ 10, kì í ṣe ọjọ́ 1

Ewúrẹ́ tó já wọ inú yàrá tí àgbàdo wà, tàbí tó ki ẹnu bọ àpò gàrí, wà nínú ewu bí ti èyí tó jẹ èèpo tútù. Àwọn òṣìṣẹ́ tó mọ iṣẹ́ ewé kọ́ ni wọ́n mọ iṣẹ́ àgbàdo. Tí àgbàdo bá rọ́ wọlé lójijì, inú ṣàkì á kan, ikùn á wú, ẹran á dẹ́kun jíjẹ àpọ̀jẹ, á sì dùbúlẹ̀.

Tí ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ oúnjẹ tuntun, ẹ fún un ní ẹ̀kúnwọ́ kan fún ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ fi díẹ̀ kún un fún ọjọ́ mẹ́ta mìíràn. Ẹ máa fi kún un bẹ́ẹ̀ títí ọjọ́ kẹwàá. Kódà ewé tútù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀ ń fẹ́ sùúrù. Ẹ fún wọn ní koríko gbígbẹ díẹ̀ kí ẹ tó tú wọn sílẹ̀ láàárọ̀.

Tí ẹran bá ti jẹ àjẹjù: ẹ kó oúnjẹ náà kúrò, ẹ fún un ní koríko gbígbẹ nìkan, ẹ jẹ́ kí ó dúró kí ó sì máa rìn díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì pe dókítà ẹran lọ́gán. Tí ẹ bá rí i pé ẹ̀gbẹ́ òsì ikùn rẹ̀ wú gbandi bí ìlù, tí kò lè mí dáadáa, ẹ má dúró di ọ̀la. Ẹ má rọ ohunkóhun sí i lẹ́nu tipátipá, torí ó lè gba inú ẹ̀dọ̀fóró lọ.

Ohun kan wà tó ń pa ẹran ní ìgboro tí a kì í kà sí oúnjẹ: ọ̀rá píọ̀ wọ́tà. Ewúrẹ́ máa ń jẹ ẹ́ nítorí iyọ̀ tàbí oúnjẹ tó kù lára rẹ̀. Kò lè dà, kò sì lè jáde. Á kún inú ṣàkì títí àyè oúnjẹ á fi tán, ewúrẹ́ á rù, ikùn rẹ̀ á sì tóbi. Bí ẹ bá lè ṣe ohun kan ṣoṣo lónìí, ẹ ṣa ọ̀rá àyíká ilé yín.

5. Ẹ̀ẹ̀rùn: koríko wà, ebi sì ń pa ẹran

Láàárín oṣù kejìlá sí oṣù kẹta, ẹ ó rí koríko gbígbẹ káàkiri. Kí ló dé tí ewúrẹ́ fi ń rù? Nínú kílò 100 koríko gbígbẹ ìgbà yẹn, purotéènì sábà máa ń jẹ́ kílò 3 sí 5. Àwọn òṣìṣẹ́ inú ṣàkì nílò bíi kílò 7 kí iṣẹ́ tó lè lọ. Tí kò bá tó bẹ́ẹ̀, koríko á kàn jókòó sínú ṣàkì ni. Ẹran á dà bí ẹni tó yó, ebi sì ń pa á.

Ewé agúnmániyè gbígbẹ ní tó kílò 20 nínú 100. Ìtàkùn ẹ̀wà àti ti ẹ̀pà tí ewé rẹ̀ kò gbọ̀n dànù máa ń ní bíi 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ rí i pé ewé ẹ̀kúnwọ́ mélòó kan lè jí òṣìṣẹ́ dìde láti jẹ koríko gbígbẹ tó ti wà nílẹ̀.

Èmi kọ́ nípa ọrọ̀ ajé àgbẹ̀, mo sì máa ń sọ fún àwọn tó ń pè wá pé kí wọ́n má wo iye owó àpò nìkan. Àpò pòpórò àgbàdo lè dínwó, ṣùgbọ́n kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí purotéènì nínú rẹ̀. Ẹ béèrè pé, "Mélòó ni mo rà nínú ohun tí ẹran mi ṣaláìní?" Nípa bẹ́ẹ̀, ẹ ó rí i pé ìtàkùn ẹ̀pà tí wọ́n ń pè ní harawa lọ́jà àwọn Hausa sàn ju pòpórò lọ, kódà tó bá wọ́n jù ú. Lẹ́yìn ìkórè ni ó máa ń pọ̀. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ṣe ń jinlẹ̀ ni owó rẹ̀ ń gòkè. Ẹni tó bá rà á sílẹ̀, tó gbé e síbi tí òjò àti oòrùn ò ti lè bà á jẹ́, ti já gbèsè oṣù kẹta.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ilẹ̀, ẹ gbin agúnmániyè. Ẹ gé ẹ̀ka rẹ̀ tó gùn tó mítà 1 sí 1 àbọ̀, ẹ rì í mọ́lẹ̀ nígbà òjò. Ó lè jẹ́ ọgbà, ó sì lè jẹ́ igi tí iṣu ń fà mọ́. Tó bá ti fìdí múlẹ̀, ẹ lè máa gé e ní oṣù 2 sí 3 lẹ́ẹ̀kan. Àwọn ewúrẹ́ kan lè kọ̀ ọ́ níbẹ̀rẹ̀ nítorí òórùn rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ó rọ fún ọjọ́ kan, kí ẹ sì pò ó mọ́ ewé tí wọ́n fẹ́ràn, bí i ewé ìyeyè tàbí ti ọ̀pọ̀tọ́. Tó bá jẹ́ Leucaena lẹ ní, kò gbọdọ̀ ju ìdá mẹ́ta oúnjẹ rẹ̀ kan lọ, torí òun náà ní oró díẹ̀.

6. Èyí tó lóyún àti ọmọ tuntun

Oṣù 5 ni oyún ewúrẹ́. Ọ̀sẹ̀ 6 tó gbẹ̀yìn ni ọmọ inú máa ń dàgbà jù, àyè ṣàkì sì ń dínkù torí ọmọ ti gbà á. Ní àkókò yìí, ẹ fi ewé purotéènì àti àfikún díẹ̀ kún oúnjẹ rẹ̀, kí ẹ pín in sí ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́. Ẹ̀yin tó ń ronú pé "á jẹ púpọ̀ tó bá bí tán," ó ti pẹ́ jù nígbà yẹn. Ìyá tó rù bímọ tó rù, wàrà rẹ̀ kì í sì í tó.

Ọmọ gbọ́dọ̀ mu omi ọmú àkọ́kọ́ láàárín wákàtí díẹ̀ tí wọ́n bí i. Inú rẹ̀ ni ààbò àrùn wà. Láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 2, ẹ máa fi ewé rírọ̀ sítòsí rẹ̀ kí ṣàkì rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ lè já a lẹ́nu ọmú ní nǹkan bí oṣù 3.

7. Ẹ fi ọwọ́ wò ó

Irun lè fi rírù pamọ́. Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì, ẹ fi ọwọ́ tẹ eegun ẹ̀yìn ẹran yín, ní ìsàlẹ̀ ìhà. Tí eegun náà bá gún yín lọ́wọ́ bí ẹyín ayùn, ó rù. Tí ẹ bá ní láti tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ kí ẹ tó rí i, ó dára. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí ìpéǹpéjú rẹ̀ wò. Tí inú rẹ̀ bá funfun dípò kó pupa, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ aràn ló ń mu ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Oúnjẹ nìkan kò lè wo ìyẹn. Ẹ bá dókítà ẹran sọ̀rọ̀.

Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ yìí

• Ẹ ṣa gbogbo ọ̀rá tó wà níbi tí ẹran yín ti ń jẹ.
• Ẹ fún wọn ní ewé kí wọ́n tó jáde láàárọ̀.
• Ẹ fi ọwọ́ wo eegun ẹ̀yìn gbogbo wọn, kí ẹ kọ èyí tó rù sílẹ̀.
• Tí ilé ìṣe gàrí bá wà nítòsí, ẹ lọ bá wọn sọ̀rọ̀ nípa èèpo wọn.

Ìyá wa ní Benue ti ṣe èyí tó gbẹ̀yìn yẹn. Kò bá àwọn aládùúgbò rẹ̀ jà. Ó ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀ fún wọn, wọ́n bá a kẹ́dùn, wọ́n sì gbà láti máa kó èèpo náà sínú àpò fún un dípò kí wọ́n dà á sílẹ̀. Ó ń sá a lórí tapólì báyìí. Ewúrẹ́ 4 ló kù, ó sì ní òun fẹ́ kí wọ́n tún pé 6 kí ọdún tó yí po.

Tí ẹ bá ní ìbéèrè lórí ẹ̀kọ́ yìí, ẹ tẹ "Béèrè" ní ìsàlẹ̀ kí ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí wa. Ẹ sọ ibi tí ẹ wà àti ohun tí ẹ fi ń bọ́ ẹran yín lọ́wọ́lọ́wọ́, kí ìdáhùn wa lè bá a mu. Ẹran yín kò ní kú lójijì o.